Ta Ni Ó San Owó Ọkọ̀ Òfurufú Tí Ó Wà ní Àyà Ẹ̀wù Yín?

Yorùbá kì í wọ aṣọ lásán. Ẹni tí ó bá sọ pé aṣọ kò ju aṣọ lọ, kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ìdí rẹ̀ tí a fi ń sọ aṣọ ní orúkọ bí ẹni ń sọ ọmọ. Nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lórí oyè ní 1935, àwọn aláàdìrẹ wa ya àwòrán òun àti ayaba rẹ̀ sí ara aṣọ, wọ́n sì pè é ní Ọlọ́ba. Nígbà tí Ìbàdàn kọ́ gbọ̀ngàn Mápó, òpó gbọ̀ngàn náà bọ́ sí ara àdìrẹ, aṣọ náà sì ń jẹ́ Ìbàdàndùn títí di òní. Obìnrin tí kò mọ ìwé kà ni ó fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún kọ ìtàn wọ̀nyí sílẹ̀, ó rì wọ́n sínú aró, ó sì tà wọ́n fún wa. Ìwé ni aṣọ láàárín wa kí ìwé tó dé. Ẹni tí ó bá sì gbé ìwé tí kò kà sí àyà, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì gbọ́ ohun tí ó ń sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀wù kan tí ó gba ìgboro báyìí, èyí tí a ya àwòrán ọkọ̀ òfurufú ogun àtijọ́ sí. Ọmọ Ìlogbò-Èkìtì ni mí. Bí ẹ bá dé ọjà wa, tàbí ti Ìjerò, tàbí ti Àrámọ̀kọ, tàbí ti Ẹ̀fọ̀n, ẹ ó rí i nínú òkìtì òkìríkà tí a tú sílẹ̀ lórí tapólì. Òfin ilẹ̀ wa kò gbà kí a máa kó aṣọ àlòkù wọlé láti òkè òkun, ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pè é ní bọ́síkọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tí ó ti kúrò ní kọ̀rọ̀ tí ó bọ́ sí gbangba. Spitfire ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, Lancaster tí ń ju bọ́ǹbù wà níbẹ̀, Mustang ti Amẹ́ríkà náà wà níbẹ̀. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́kadà kan tí ó wọ ọ̀kan nínú wọn léèrè irú ọkọ̀ tí ó jẹ́. Ó wo àyà ara rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Bààlúù ni, bọ̀ọ̀dá."

N kò bá ọlọ́kadà wí. Aṣọ ni ó ń wá, ó sì rí aṣọ tí owó rẹ̀ ká. Àwọn tí a dá ẹ̀wù náà fún ní ìbẹ̀rẹ̀ mọ ohun tí wọ́n rà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni ó fẹ́ràn ọkọ̀ òfurufú àtijọ́ bí àwa ti fẹ́ràn eégún. Wọ́n ń lọ sí Duxford, níbi tí a kó àwọn ọkọ̀ náà pamọ́ sí. Bí ìgbà ooru bá dé tí a bá gbé díẹ̀ nínú wọn fò, wọn a gbé ọmọ lé èjìká kí ó lè rí i. Wọ́n mọ ọdún tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan jáde, wọ́n mọ ẹni tí ó wà á, wọ́n sì mọ ibi tí ó ṣubú sí. Ìrántí bàbá wọn àti bàbá bàbá wọn ni ẹ̀wù náà jẹ́ fún wọn. Bí ó bá gbó, wọn a dì í mọ́ ẹrù, a sì dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwa ní tiwa ra àkísà àgbà ẹlòmíràn, a kò sì bi í bí ó ṣe gbó.

Àwọn tí mo ń bá jà ni àwa tí a ń pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé. Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, ìhà méjì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀wù yìí pín wa sí láti ìgbà tí àwọn kan ti dá a lábàá pé kí a fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀wù àjọ̀dún ẹgbẹ́. Ìhà kan ní ó dára, ó bá ìgbà mu, àwòrán lásán ni. Ìhà kejì ní ohun ìjà òyìnbó ni, ogun òyìnbó ni, kò kan ọmọ Yorùbá, kí ẹgbẹ́ má ṣe fi ọwọ́ kàn án. Mo wí pé ìhà méjèèjì ni ó ṣì í. Ẹni tí ó ní kí á wọ̀ ọ́ kò mọ ohun tí ó fẹ́ wọ̀. Ẹni tí ó ní kí á má wọ̀ ọ́ kò mọ ohun tí ó ń kọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àwọn tí ó ní àwòrán lásán ni lóhùn. Nígbà tí àwọn baba wa ń jagun, ẹ̀wù ogun kì í ṣe ti gbogbo ayé. Gbérí ọdẹ, tí a rán oògùn mọ́ ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, ẹni tí ó ti wọ igbó ni ó ń gbé e wọ̀. Bí ẹni tí kò pa ẹmọ́ rí bá wọ̀ ọ́ jáde, àwọn ọdẹ yóò bi í léèrè ẹran tí ó pa. Ní Òkè-Ìmẹ̀sí, tí kò jìnnà sí Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n, ni Fábùnmi ti ṣí ilẹ̀kùn ogun tí Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn jà láàárín ọdún 1877 sí 1893. Kí ni a pe ogun náà? Kírìjì ni, nítorí ìró ìbọn tí ń dún nínú òkè. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó ni wọ́n ra ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé. Ẹ kíyè sí i: àwọn baba wa mọ irú ohun ìjà tí ó jẹ́, wọ́n mọ ẹni tí ó rà á, wọ́n sì fi ohùn rẹ̀ sọ ogun náà ní orúkọ. Ó tó ogóje ọdún tí ìbọn náà ti dákẹ́, a ṣì ń pè é ní orúkọ. Ṣé àwa ọmọ wọn ni ó yẹ kí ó gbé ohun ìjà sí àyà kí a má lè sọ ju "bààlúù ni" lọ?

Ó wá ku àwọn tí ó ní ogun òyìnbó ni, kò kàn wá. Àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ mi pọ̀ fún, nítorí pé ìfẹ́ ilẹ̀ baba wọn ni wọ́n fi ń sọ ọ́, wọn kò sì mọ̀ pé ogún baba wọn gan-an ni wọ́n ń tì dànù.

Ní oṣù kẹta 1936 ni Spitfire kọ́kọ́ fò. Nígbà tí Ogun Hítílà le ní 1940, tí ọkọ̀ òfurufú Jámánì ń rọ òjò bọ́ǹbù sórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lord Beaverbrook, mínísítà tí ń mójú tó ṣíṣe ọkọ̀ òfurufú, gba gbogbo ayé láyè kí wọ́n dá owó ra ọkọ̀. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún pọ́n-ùn ni wọ́n dá lé Spitfire kan. Ìlú tàbí ẹgbẹ́ tí ó bá san án, a ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ara ọkọ̀ náà. Nàìjíríà dá owó. A dá a ní ìlú ńlá, a dá a ní abúlé; owó ogun ni a ń pè é. Ní oṣù kìíní 1941, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú kan sílẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 91, wọ́n sì fi orúkọ wa kún orúkọ rẹ̀: No. 91 (Nigeria) Squadron. Hawkinge ní Kent, létí òkun tí ó kọjú sí ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n ti ń gbéra. Iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣọ́ ojú òkun náà, kí wọ́n rí ọ̀tá kí ó tó dé. Ní 1942, ọ̀kan nínú Spitfire wọn, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ AB216, tí Robert Oxspring, ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, ń wà, ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan lára: Nigeria Oyo Province.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Ọ̀yọ́ ni. Orúkọ Ọ̀yọ́ fò lójú òfurufú Kent, ó sì dojú kọ Hítílà. Àwọn òyìnbó tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ òfurufú mọ ọkọ̀ náà dáadáa. Àwọn tí ń to ọkọ̀ òfurufú kékeré fún ìṣeré ti kun tiwọn ní àwọ̀ rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà sí i pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tí kò nípọn ju irun lọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a kò mọ̀ ọ́n ní Ọ̀yọ́. Ta ni a ó dá lẹ́bi?

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọmọ Èkìtì kò ní ìpín nínú ohun tí a kọ orúkọ Ọ̀yọ́ sí. Mo mọ̀ pé lábẹ́ Ẹkùn Oǹdó ni Èkìtì wà nígbà náà. Mo tún mọ̀ pé Ìbàdàn tí a bá jà ní Kírìjì wà nínú Ẹkùn Ọ̀yọ́, bẹ́ẹ̀ ni Iléṣà tí ó bá wa jà á wà nínú rẹ̀! Ọ̀tá àná àti ọ̀rẹ́ àná ni wọ́n jọ wà lábẹ́ orúkọ kan lára ọkọ̀ kan. Ṣùgbọ́n ohun tí Èkìtì san ju èyí tí a kọ sí ara ọkọ̀ lọ. Ní 1940 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí ó ń ra gbogbo kòkó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1942 wọ́n fẹ̀ ẹ́ kí ó lè máa ra ẹ̀kùrọ́ àti ẹ̀pà pẹ̀lú. Iye tí ó bá wu ìgbìmọ̀ náà ni ó ń san fún àgbẹ̀. Iye tí ó bá tà á lókè òkun ni ó ń tà á. Èrè tí ó wà láàárín méjèèjì kò dé Ìlogbò, kò dé Ìjerò, kò dé Ẹ̀fọ̀n. Lọ́dọ̀ ìjọba ni ó jókòó sí. Nígbà tí àwọn ará Ásíà sì bọ́ sọ́wọ́ Jàpáàn tí epo ọ̀pẹ ti ìhà ibẹ̀ dáwọ́ dúró, wọ́n rọ̀ wá kí a pa ẹ̀kùrọ́, kí a pa á, kí a tún pa á. Títí dé ọwọ́ ọmọ ilé ìwé ni òkúta ìpẹ̀kùrọ́ dé. Àgbẹ̀ tí kò ní ìbò, tí kò ní aṣojú, tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè bóyá kí a jagun tàbí kí a má jà á, òun ni ó san owó. Ẹ wá wo ọmọ ọmọ rẹ̀ lónìí, ó dìde ní ìpàdé, ó ní ogun náà kò kan òun!

Owó nìkan kọ́ ni a san. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì kì í fi dúdú jẹ ọ̀gá. Oṣù kẹwàá 1939 ni wọ́n tó ká òfin náà kúrò, nítorí ogun. Ọmọ Èkó kan, Peter Adéníyì Thomas, àbúrò Stella Thomas tí ó jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò di adájọ́ májísíréètì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lọ síbẹ̀. Ní 1942 ó di ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀gá nínú ọmọ ogun òfurufú náà. Ní oṣù kìíní 1945, nígbà tí ogun kù fẹ́ẹ́rẹ́ kí ó parí, ọkọ̀ já pẹ̀lú rẹ̀, ó sì kú. Johnny Smythe, ọmọ Freetown, wà nínú ọkọ̀ ajubọ́ǹbù tí àwọn ará Jámánì já bọ́ ní oṣù kọkànlá 1943. Wọ́n mú un ní ẹrú ogun títí ogun fi parí, ó sì padà wá di agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba ilẹ̀ rẹ̀. Mo ti tú òkìtì òkìríkà púpọ̀. N kò tíì rí èyí tí ojú Thomas tàbí ojú Smythe wà lára rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì rí Dakota lára wọn. Ọkọ̀ tí àwọn ènìyàn wa mọ̀ jù lọ nínú gbogbo ogun náà nìyẹn. Ní 1944, nígbà tí ìpín ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 81 wọ àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, kò sí ọ̀nà mọ́tò níbẹ̀. Orí ni wọ́n fi ru ẹrù, láti inú òfurufú sì ni oúnjẹ ti ń bọ́ sílẹ̀ fún wọn. Dakota ni ó ń ju ìrẹsì, iyọ̀, oògùn àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn nínú igbó, agbòòrùn funfun a ṣí lórí ẹrù, a sì balẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ni ó jẹ oúnjẹ tí ó bọ́ láti ọ̀run bẹ́ẹ̀, bí mánà inú Bíbélì. Nígbà tí Nàìjíríà sì dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1958, Dakota wà lára àwọn ọkọ̀ tí ó fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Dakota kò ní ìbọn, kò rẹwà lójú ọmọdékùnrin. Ìdí nìyí tí àwọn aránṣọ òyìnbó kì í fi ń náání rẹ̀ tó Spitfire. Bí ó bá jẹ́ pé àwa ni a ń ya àwòrán náà, ṣé bẹ́ẹ̀ ni ìbá rí?

Àwọn kan tí wọ́n gbọ́ apá kan àlàyé yìí lẹ́nu mi sáré jù mí lọ. Wọ́n ní, "Ó dára, kí a fi ti òyìnbó sílẹ̀. Kí a ya ọkọ̀ ogun ti Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Kí a ya MiG-17." Àbá yìí ni ó bà mí lẹ́rù jù lọ, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́ lórí rẹ̀.

Ní 1964 ni a dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà sílẹ̀, àwọn ará Jámánì sì ràn wá lọ́wọ́. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù keje 1967, ìjọba àpapọ̀ ra MiG-17 àti Il-28 lọ́wọ́ Sófíẹ́ẹ̀tì. Àwọn ará Íjíbítì wà lára àwọn tí ó wà wọ́n. Bọ́ǹbù wọn kò mọ yàtọ̀ láàárín ṣọ́jà àti ìyá tí ń ta gaàrí. Ó bọ́ sí ọjà, ó bọ́ sí ilé ìwòsàn, àwọn oníròyìn ayé sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà. Biafra náà wá ọkọ̀ tirẹ̀: ní oṣù karùn-ún 1969, Carl Gustaf von Rosen, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, kó ọkọ̀ kéékèèké MFI-9 wá, wọ́n sì fi wọ́n já lu pápá ọkọ̀ òfurufú wa. Bí àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ òfurufú òkè òkun bá ń sọ ìtàn náà, bí ẹni ń sọ ìtàn eré ìje ni. Fún wa, kì í ṣe eré.

Nínú kíláàsì wa, àwọn ọmọ Umuahia àti Owerri jókòó tì wá. Ìyá ìyá wọn ṣì lè sọ fún wọn bí a ti ń gbọ́ ohùn ọkọ̀ kí a tó rí i, àti bí a ti ń fi ewé bo ọmọ mọ́lẹ̀. Ṣé MiG-17 ni ẹgbẹ́ Yorùbá yóò gbé sí àyà wọlé tọ̀ wọ́n, kí a sì máa rẹ́rìn-ín pé ọ̀ṣọ́ ni? Ẹni tó ṣu ni ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọ̀rọ̀ náà kò sì parí sí àná. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 2017, ọkọ̀ òfurufú ogun Nàìjíríà ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ní Ìpínlẹ̀ Borno. Ìjọba fúnra rẹ̀ gbà pé àṣìṣe ni, àwọn tí ó ju 100 lọ ni ó sì kú. Ẹ tún rántí ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 1992, tí Hercules ti ilé iṣẹ́ ológun òfurufú já sí irà ní Èjìgbò, ní Èkó. Ó lé ní 150 ènìyàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun, tí ó ṣègbé lọ́jọ́ kan. Bí a bá fẹ́ ya ọkọ̀ ológun tiwa, ẹ̀wù ọ̀fọ̀ ni kí a kọ́kọ́ rán.

Láti inú gbogbo èyí ni mo ti mú ìbéèrè mẹ́ta jáde, mo sì fi wọ́n síwájú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ wa. Kí ẹnikẹ́ni tó ya ọkọ̀ ogun sí ara aṣọ, kí ó béèrè: Ta ni ó san owó rẹ̀? Ta ni ó wà nínú rẹ̀? Ta ni ó wà lábẹ́ rẹ̀? Lancaster tí ń sun ìlú Jámánì tọmọdé tàgbà kò lè gba ìbéèrè kẹta já lọ́dọ̀ mi. MiG-17 kò lè gbà á já rárá. Spitfire tí orúkọ Ọ̀yọ́ wà lára rẹ̀ gba èkíní já, nítorí àwa ni a san án. Ní ti ìkẹta, ọkọ̀ ajubọ́ǹbù ni iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ ṣe Spitfire láti dá padà. Ní 1944, ẹgbẹ́ 91 yìí kan náà ni ó wà lára àwọn tí ń já bọ́ǹbù oníyẹ̀ẹ́ Hítílà bọ́ lójú ọ̀nà London, kí ó tó balẹ̀ sórí ẹni tí ó sùn. N kò sọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bí ọwọ́ àlùfáà. Ohun ìjà ni. Ṣùgbọ́n Dakota tí ó ju ìrẹsì àti iyọ̀ sílẹ̀ ní Kaladan gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já láìsí wàhálà. Àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ń gbé ojú sókè, wọ́n ń dúpẹ́.

Mo mọ ohun tí àwọn olóṣèlú inú wa yóò sọ. Wọn yóò ní, "Bí a bá ya Spitfire sí aṣọ, ìjọba amúnisìn ni a ń kì." Rárá o. Ẹ̀wù òyìnbó ni ó jẹ́ oríkì. Tiwa yóò jẹ́ rísíìtì. Ẹni tí a jẹ ní gbèsè kì í tìtorí ìbínú fa rísíìtì ya. Inú àpótí ni ó ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ṣé ẹni tí ó rí ọ̀rọ̀ náà, Nigeria Oyo Province, kò ní béèrè pé báwo ni Ọ̀yọ́ ṣe débẹ̀? Bí ó bá sì béèrè, a ó sọ ọ̀rọ̀ kòkó fún un, a ó sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀kùrọ́, a ó sọ ti àgbẹ̀ tí ó ra òmìnira fún ẹlòmíràn nígbà tí òun kò ní tirẹ̀. Ẹ̀rí tí ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan fẹ́ kí a sọ nù nítorí pé òyìnbó ni ó wà nídìí ọkọ̀.

Nítorí náà, àbá tèmi rèé. Kí ẹgbẹ́ má ṣe ra tíṣáàtì tí a tẹ̀ lókè òkun, kí ó má sì ra òkìríkà. Kí a ṣe àdìrẹ. Àwọn ará Abẹ́òkúta mọ bí a ti ń gé páànù kí a fi ẹ̀kọ tẹ àwòrán sí aṣọ. Àwọn ará Ìbàdàn mọ bí a ti ń fi ìyẹ́ yà á. Kí wọ́n ya AB216 fún wa pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́ta rẹ̀ láìdín láìlé, kí wọ́n to èso kòkó yí i ká, kí ẹni tí ó bá rí ọkọ̀ lè rí owó rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ìsàlẹ̀, kí Dakota máa ju agbòòrùn sílẹ̀. Aró ni kí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́, kí ó má ṣe jọ aṣọ ṣọ́jà rárá, nítorí òfin kò gbà fún ẹni tí kì í ṣe ológun láti wọ aṣọ ológun, ẹ sì mọ irú ẹjọ́ tí àwọn ṣọ́jà ń dá lójú pópó kí ẹjọ́ tó dé kóòtù. Owó tí a bá san yóò wọ àpò aláàdìrẹ wa, aṣọ náà yóò sì ní orúkọ. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní Owó Ogun.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣáájú iṣẹ́ aláàdìrẹ, ẹ̀yin olùkọ́ wa ní ẹ̀ka ìtàn ni mo sì ń pè sí i. Nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni ilé tí a kó ìwé ìjọba àtijọ́ sí wà. Àwọn ìwé Ẹkùn Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, ti Ẹkùn Oǹdó wà níbẹ̀, ti Èkìtì pàápàá wà níbẹ̀, nínú fáìlì tí eruku ti bò. Ẹ fi iṣẹ́ yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín dípò àwọn àkòrí tí a ti kọ títí tí ó fi ṣá. Kí ọmọ Ọ̀yọ́ lọ wá ti Ọ̀yọ́, kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà lọ wá ti Iléṣà, èmi yóò sì wá ti Ìlogbò. Ìlú wo ni ó san èló? Ọba wo ni ó kọ lẹ́tà? Àgbẹ̀ wo ni ó sọ pé òun kò ní? Bí àwọn tí ó dá owó ogun kò bá sí mọ́ láti sọ ọ́, ọmọ wọn ṣì wà láàyè, àwọn náà sì ti dàgbà. Ẹ lọ bá wọn nísinsìnyí, kí ẹnu tó pa dé.

Àwọn òyìnbó ti bá wa tọ́jú nọ́ńbà ọkọ̀ náà, wọ́n bá wa tọ́jú àwọ̀ rẹ̀ àti orúkọ ẹni tí ó wà á. Orúkọ àwọn tí ó sanwó rẹ̀ ni ó kù, iṣẹ́ wa sì ni. Kí a wá orúkọ wọn rí ná. Lẹ́yìn náà, kí aláàdìrẹ gbé aró kaná.